Oṣù Kan Tí Ìyá Aago Fi Dákẹ́

Iṣẹ́ kan wà láyé tí ẹnikẹ́ni ò gbà ọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè lé ọ kúrò nínú rẹ̀. Kò ní ọ̀gá, kò ní ìsinmi, owó oṣù rẹ̀ ò sì sí níbì kankan. Ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi rìn wọ inú rẹ̀, ọjọ́ tí o bá sì fẹ́ jáde, o ó wá ẹnu ọ̀nà tì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aago kó sí lọ́rùn. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ wa là ń jẹ oyin lára irú iṣẹ́ yìí tí a ò bi ara wa léèrè rí pé oyin mélòó ló ta ẹni tó fà á.

Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ìkànnì wọn lórí ayélujára, láti inú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í yá, níbi tí fáànù ti ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́sàn-án, á di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì, á lọ parí ìyókù iṣẹ́ nílé. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ ìkànnì náà, ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló ni ín. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wù lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ kí gbogbo èèyàn lè lò ó. Ó dà bíi kànga tí àdúgbò jọ gbẹ́. Gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń pọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí okùn bá já, èèyàn mẹ́ta péré ni wàá rí. Ìyá Aago jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá okùn.

Èèyàn lè so àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ ètò yìí, àfikún ni wọ́n ń pè wọ́n. Àfikún kan á máa to àwòrán, òmíràn á máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Èyí tó wà lọ́wọ́ Ìyá Aago, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa kọ ọ́ sójú ìkànnì pé "A ti ṣí" tàbí "A ti tì." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ń lò ó, ilé ẹ̀kọ́ ń lò ó, ṣọ́ọ̀bù bàtà àti onígbàjámọ̀ ń lò ó. Bó ṣe kéré tó yẹn, wàhálà inú rẹ̀ ò kéré. Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ń sún aago síwájú nígbà tí ooru bá dé, tí wọn á tún sún un padà nígbà òtútù. Àwọn kan ń ṣí lálẹ́, wọ́n ń tì láàárọ̀. Àwọn kan ń tì lọ́sàn-án kí wọ́n lè jẹun, wọ́n á sì jẹun títí ara á fi rọ̀ wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni àfikún náà gbọ́dọ̀ mọ̀, ohun tí kò bá sì mọ̀, Ìyá Aago ni wọ́n ń bi.

Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Lórí gbàgede tí àwọn oníṣẹ́ ètò náà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú ló ní orúkọ ìnagijẹ. Aago ni tirẹ̀. Àwọn ará ilé ìkàwé gbọ́, wọ́n fi Ìyá kún un, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń bá a gbé ilé kan náà, kò jẹ́ fi orúkọ yẹn pè é. Ohun tí òun máa ń sọ ni pé, "Ìwọ tí ò ń tilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, ìgbà wo lo máa ti tìẹ?"

Kì í ṣe òun ló dá àfikún náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àlejò ló kọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, ilé ìkàwé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìkànnì wọn ń sọ pé wọ́n ti tì. Ìyá Aago wo inú kóòdù náà, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n fi kọ àfikún ọ̀hún, ó rí ibi tó ti wọ́, ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́. Inú Àlejò dùn. Ó ní, "Ẹ mà mọ̀ ọ́n ṣe o! Ẹ jẹ́ kí n kúkú fún yín ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa wọlé fúnra yín." Orí Ìyá Aago wú, ó gba kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́ sí i, Àlejò ṣe bí orúkọ rẹ̀, ó lọ. Àwọn kan ní ó ti bímọ, àwọn kan ní ó ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà pátápátá, ó ń sin oyin níbì kan. Ìyá Aago ní òun á bá a di ẹrù náà mú títí á fi dé. Ẹni tó bá ti bá èèyàn di ẹrù mú lẹ́bàá ọ̀nà rí mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń fi oorun lé lọ. Tó bá jí láàárọ̀, kó tó bọ́jú, ó ti mọ̀ pé ìbéèrè ti ń dúró de òun. Àwọn kan ò ní kí i, wọn ò ní dágbére, wọn á kàn kọ ọ́ pé, "Àfikún rẹ ò ṣiṣẹ́. Tún un ṣe kíákíá," bí ẹni pé àwọn ló ń bọ́ ọ. Àwọn wọ̀nyẹn ò le, èèyàn lè bínú sí wọn. Àwọn tó le ni àwọn tó kí ọ dáadáa, tí wọ́n ṣàlàyé gbogbo ohun tí ojú wọn rí, tí wọ́n so àwòrán mọ́ ọn, tí wọ́n sì ti dúpẹ́ ṣáájú. Ta ló lè kọ ẹ̀yìn sí irú wọn? Ìyá Aago á ní ẹyọ kan péré ni òun máa dá lóhùn, títí tí ẹyọ kan náà á fi jẹ odindi ọ̀sán.

Ọkùnrin kan wà lórí gbàgede náà tí wọ́n ń pè ní Sùúrù, tó máa ń bá a dán àtúnṣe wò kó tó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í kánjú. Ìyá Aago ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gba àfikún náà. Èsì kan náà ló ń fún un: "Ẹ̀yin ṣì wà níbẹ̀ mà, kí ni mo fẹ́ máa ṣe níwájú yín?" Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ọmọlúwàbí ni Sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà ti fẹ́ pa Ìyá Aago.

Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, ì bá máa fara dà á. Ọ̀rọ̀ bàbá ló jẹ́ kó ká a lára.

Bíríkìlà ni bàbá wọn nígbà tó ní agbára. Ògiri tó mọ ní ìlú yẹn pọ̀ ju èyí tó lè kà lọ. Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì mú un wá sọ́dọ̀ wọn. Láàárọ̀, kò mọ ibi tó wà. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa mú òun lọ sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí oòrùn bá ti yí kúrò lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ á là. Á pe kálukú lórúkọ, á fi ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ tó ń rán ń pọ̀ sí i ṣùgbọ́n àwọn ọkọ ò wá, á sọ ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Bí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ ló rí, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń tì í padà. Àsìkò yẹn gan-an ni apá kejì ayé máa ń jí, tí ìbéèrè á máa ya wọ inú fóònù Ìyá Aago.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Ìyá Aago wà ní yàrá, ó ń dá onígbàjámọ̀ kan lóhùn tí kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń pariwo.

"Wá o! Bàbá ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ!"

"Mò ń bọ̀! Ó ku díẹ̀!"

"Ó ń sọ ohun tí màmá sọ nígbà tí wọ́n gbé ẹ fún un. Wá báyìí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mò ń bọ̀."

Nígbà tó jáde, bàbá ti ń wo ògiri, ó ń bi í léèrè pé ta ni ọ̀lẹ tó mọ ọ́n wọ́ báyìí. Ìyá Aago yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ni màmá sọ?"

"Bàbá ní màmá wò ẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní..." Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Mi ò gbọ́ ìyókù dáadáa. Ẹ̀rọ ń dún, mo sì ń pè ẹ́."

Wọ́n bi bàbá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bi í lọ́jọ́ kẹta. Èsì tó fún wọn ni pé, "Ìyá yín jáde. Ẹ bi í nígbà tó bá dé." Ìyá wọn ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Ìyá Aago wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ, ó sunkún. Nígbà tó jáde, ó ní ó tó, òun máa gbé àfikún yẹn sílẹ̀ kí wákàtí bàbá tó tán.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gbé e sílẹ̀? Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan. Olùtọ́jú tó bá fẹ́ fi àfikún sílẹ̀ á kéde rẹ̀ lórí gbàgede, lẹ́yìn náà á dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àfikún náà fún oṣù kan gbáko. Tí oṣù bá pé tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ìgbìmọ̀ á kéde pé àfikún náà ti di ọmọ òrukàn, wọn á kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń lò ó, kí ẹni tó bá lè tọ́ ọ bọ́ síta. Àmọ́ tó bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí oṣù tó pé, òǹkà á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti fi ìbínú gbé tirẹ̀ sílẹ̀ rí, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, inú onítọ̀hún wá rọ̀, ó padà dé, ló bá di pé èèyàn méjì ń ro ọkà nínú ìkòkò kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adènà ṣọ́ òfin yìí. Adènà ò mọ ojúure, kò sì mọ àwàdà.

Ìyá Aago kọ ìkéde rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí. Bàbá mi ò gbádùn, mo fẹ́ ráyè jókòó tì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹlòmíràn gba àfikún yìí lọ́wọ́ mi." Tó bá dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ó tún un kà, ó rí i bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, ló bá fi ìlà kan kún un: "Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ má ṣe tijú láti bi mí." Ẹ gbọ́ o! Ó ń dágbére, ó tún ń ní kí wọ́n yà kí òun tí wọ́n bá ń kọjá.

Wọ́n yà lóòótọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun gan-an mà. Ọlọ́run á wo bàbá sàn." Ìyá Aago dáhùn pé, "Àmín o. Ẹ ṣé."

Adènà bọ́ síta: "Olùtọ́jú ti sọ̀rọ̀. Òǹkà bẹ̀rẹ̀ láti òní."

Ìyá Aago rò pé eré ni. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àmín lásán ni mo ṣe."

"Olùtọ́jú ti sọ̀rọ̀," ni Adènà tún wí. "Òǹkà bẹ̀rẹ̀ láti òní."

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Ìyá Aago, tí wọ́n bá kí ọ tí o ò jẹ́ wọn, wọ́n á bi ọ́ bóyá ológbò ló gbé ahọ́n rẹ lọ. Tí wọ́n bá ṣàdúrà fún ọ tí o ò ṣe àmín, a jẹ́ pé o ò fẹ́ àdúrà nìyẹn. Òfin ẹgbẹ́ ní kó dákẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ní kó dáhùn, ẹ̀kọ́ ilé ló sì kọ́kọ́ dé ara rẹ̀. Ó fara dà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan wá kọ ọ́ pé, "Aago, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ "Ẹ ṣé" kó tó rántí. Òǹkà bẹ̀rẹ̀. Ó tún fara dà á, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin kan wá tọrọ àforíjì pé òun ò tètè rí ìkéde nítorí pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì so ìbéèrè mọ́ ọn nídìí. Èwo lèèyàn fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìyá Aago kí i kú ewu ọmọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé ó ti ya ẹnu rẹ̀ náà, ó kúkú dáhùn ìbéèrè ọ̀hún.

"Olùtọ́jú ti sọ̀rọ̀."

Gbogbo èyí ń ṣojú ẹ̀gbọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá ti jẹun, oòrùn ti yí, ṣùgbọ́n ojú bàbá ò là. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ ọ́ síta.

"Mú fóònù yẹn wá," ẹ̀gbọ́n ní. "Kọ̀ǹpútà náà. Níbo ni wọ́n ti ń yí páásìwọ́ọ̀dù gbàgede yẹn padà?"

Ìyá Aago fi hàn án.

"Yíjú sẹ́yìn. Má ṣe yọjú o."

Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń fi okùn sójú abẹ́rẹ́. "Ó tán. Ìwọ àti àmín ẹ, ẹ di ọ̀dọ̀ mi."

Báyìí ni Ìyá Aago ṣe di odi lórí gbàgede. Ó lè ka ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí gbogbo ayé ló lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè fọhùn. Kí n sọ òótọ́, kò sinmi. Ó gbé àga síwájú bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù lé itan, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bàbá á sọ̀rọ̀, á dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," láì mọ ohun tó gbọ́. Ó ń tan ara rẹ̀ pé tí oṣù bá pé, ara òun àti ọkàn òun á jọ wà lójú kan. Ìbéèrè ń gorí ìbéèrè lórí gbàgede, kò sí ẹni tó ń dáhùn, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn nínú ikùn rẹ̀.

Oṣù náà ti ń lọ sópin nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn dé. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ìkànnì ilé ìwòsàn kékeré kan kọ ọ́ pé: "Ẹ gbà wá o. A ṣí láti òwúrọ̀, ìkànnì wa ń sọ pé a ti tì. Ìyá ọmọ kan kà á lórí fóònù rẹ̀, ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ibi tó jìn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i."

Ìyá Aago mọ̀ ọ́n. Ìlú wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sún aago. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa yí padà. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ètè rẹ̀. Kí ó tó dìde, ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ti gba obìnrin náà nímọ̀ràn pé kó yọ àfikún náà kúrò kó tún un fi síbẹ̀. Tó bá dán an wò, gbogbo wákàtí tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ìyá Aago sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ fún mi ní páásìwọ́ọ̀dù."

"Kò tíì pé oṣù."

"Ilé ìwòsàn ni, ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ń dá ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá padà!"

Ẹ̀gbọ́n dáwọ́ ẹ̀rọ dúró. Kì í ṣe òǹrorò èèyàn. "Ilé ìwòsàn ni lónìí," ó ní. "Lọ́la, ilé ìwòsàn mìíràn ni. Tí mo bá fún ẹ, ta ló fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tó bá ti mọ̀ pé wàá dé?"

"Tí ohun kan bá ṣe ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Jókòó. Tó bá fi máa di ìgbà tí mo máa parí apá aṣọ yìí tí ẹnì kan ò tíì dáhùn, mo máa ṣí i fún ẹ. Mo fi màmá búra."

Ìyá Aago padà sí yàrá, ó tẹjú mọ́ fóònù. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn bàbá, ohùn náà mọ́ gaara.

"Ta ló wà nínú ilé yìí? Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, bàbá. Mò ń bọ̀."

"Wá jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Mò ń bọ̀, bàbá. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Orí gbàgede ni Sùúrù wá yọ sí. Ó ní kí obìnrin náà má yọ ohunkóhun. Ó fún un ní ìlà kan, ìlà náà ò tọ̀nà, Ìyá Aago fọwọ́ gbá àyà. Sùúrù tọrọ àforíjì, ó ní kó dúró. Ó tún wo inú kóòdù, ó padà dé pẹ̀lú ìlà mìíràn, èyí sì ni gan-an. Obìnrin ilé ìwòsàn kọ ọ́ pé, "Ó ti sọ pé a ti ṣí! Ọlọ́run á bù kún yín!" Sùúrù dáhùn pé, "Àmín." Kò sẹ́ni tó tún òǹkà kankan bẹ̀rẹ̀ fún un.

Inú Ìyá Aago dùn, ó sì dùn ún. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tó rò pé tí òun bá yọwọ́, ilé á wó. Wọ́n kàn nílò kí ó kúrò lójú ọ̀nà ni. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá ti sùn lórí àga.

Oṣù pé. Adènà kéde pé, "Oṣù ti pé. Olùtọ́jú ò sọ̀rọ̀." Kí wọ́n tó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ síbì kankan, Sùúrù ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kì í ṣe òrukàn. Èmi á gbà á." Wọ́n mú orúkọ Aago kúrò lókè ojú ewé àfikún náà, wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ Àlejò, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn tó ti tọ́jú rẹ̀ rí sí. Àwọn èèyàn ya bo gbàgede, wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbàdúrà fún bàbá. Ẹ̀gbọ́n mú fóònù wá, ó ti ṣí i.

"Gbà, lọ ṣe àmín ẹ. Kò sí ẹni tó máa kà á sí ẹ lọ́rùn mọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín," Ìyá Aago ní. "Ó rẹ̀ mí."

Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́. Bàbá ti jẹun, oòrùn ti yí kúrò lójú fèrèsé. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò mú fóònù, kò mú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ bi bàbá, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tó ń dúró de èsì rẹ̀ mọ́.

Bàbá yíjú sí i. Ó wò ó dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí èèyàn ń fi gba àlejò tó mọ́ níwà.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ni bàbá wí. "Ẹ má bínú pé mi ò dìde, orúnkún mi ni. Ṣé ọmọ mi lẹ bá wá?"

Ìyá Aago dúró síbẹ̀.

"Ó wà nínú ilé," bàbá ní. "Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ má bínú sí i o, ọmọ dáadáa ni, àwọn èèyàn ni kì í jẹ́ kó sinmi. Ó ní òun ń bọ̀."

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń dúró dè é, bàbá?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò séwu, èmi ráyè." Bàbá na ọwọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó mà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí rẹ̀."

Ìyá Aago jókòó tì í. Àwọn méjèèjì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí rẹ̀.